Ta Ló Ní Solar Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Obìnrin?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sára ògiri lọ́tẹ̀ yìí lè dun àwọn kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bínú.

Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí: "Ọpọlọ obìnrin ò gba ìmọ̀ ẹ̀rọ." Wọ́n ń sọ ọ́ ní kíláàsì, wọ́n ń sọ ọ́ nínú dáńfó láti Ìyànà Ìbà dé Máìlì Tú, àwọn òbí kan náà sì ń sọ ọ́ nílé bí ẹni pé inú Bíbélì tàbí Kùránì ni wọ́n ti kà á. Bí ọmọbìnrin bá gba A nínú Màáàsì, wọ́n á ní ó ń há a sórí ni. Bí ọmọkùnrin bá gba F, wọ́n á ní orí ẹ̀ pé, kò kàn ráyè kàwé ni. Ó dáa. Ṣebí àwa ọmọ sáyẹ́ǹsì la máa ń pariwo pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó mú ẹ̀rí wá? Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rí.

Ní 2021, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti sáyẹ́ǹsì, gbé ìròyìn ńlá kan jáde lórí ipò tí sáyẹ́ǹsì wà káàkiri ayé. Wọ́n ní tí a bá kó olùṣèwádìí mẹ́ta jọ, ẹyọ kan ló máa jẹ́ obìnrin. Tó bá wá kan ìmọ̀ ẹ̀rọ, nínú 100 ènìyàn tó ń gboyè nínú rẹ̀, 28 péré ni obìnrin. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín báyìí: "Ṣé ẹ rí i? Ṣebí a ti wí." Ẹ fara balẹ̀. 28 yẹn, gbogbo ayé ni wọ́n pa pọ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Ní Jàpáànù, ilé Toyota àti Honda, 14 ni. Ní Swítsálándì, 16. Kánádà kò pé 20, Amẹ́ríkà lé díẹ̀ ní 20, ilẹ̀ Faransé 26. Ẹ wá sọdá sí Áfíríkà wa níbí, lápá àríwá. Mòrókò, 42. Tùnísíà, 44. Àlgéríà lé ní 48, ìyẹn ni pé ó kù díẹ̀ kí ọkùnrin àtobìnrin dọ́gba. Pẹrú náà lé ní 47, Kúbà sún mọ́ 42. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé òkè òkun nìkan ni nǹkan ti ń dọ́gba, ẹ tún un kà.

Mo wá bi yín: tó bá jẹ́ ọpọlọ ni, ṣé ọpọlọ obìnrin Àlgéríà wá fi ìlọ́po mẹ́ta dáa ju ti obìnrin Jàpáànù lọ ni? Bàólójì tí wọ́n ń kọ́ wa kò sọ pé XX ti ibì kan yàtọ̀ sí XX ti ibòmíràn. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ní nǹkan bí 1970, nínú 100 tó ń gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ, obìnrin kò pé ẹyọ kan. Lónìí ó ti lé ní 20. Ọpọlọ èèyàn kò lè yí padà láàárín àádọ́ta ọdún. Nǹkan míì ló yí padà. Ní 1972, wọ́n ṣòfin níbẹ̀ pé ilé ìwé tó bá ń gba owó ìjọba kò gbọdọ̀ ti ọmọbìnrin sẹ́yìn torí pé ó jẹ́ obìnrin. Àwọn ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan míì fún ọmọ wọn.

Kí wá ni Àlgéríà àti Tùnísíà ń ṣe? Èyí tó yé mi jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ wọ yunifásítì. Máàkì tí ọmọ bá gbà nínú ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdìrì, tí wọ́n ń pè ní baccalauréat, ló ń sọ ẹ̀ka tó lè wọ̀. Máàkì kì í béèrè bóyá wàá rí ọkọ fẹ́ tàbí o ò ní rí. Ọmọbìnrin tó bá gba máàkì gíga nínú Màáàsì àti Físíìsì, ibi tí máàkì rẹ̀ bá gbé e dé ló ń lọ, ẹnu kì í ya ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín jẹ. Àlgéríà kì í ṣe Párádísè. Bí a bá ka gbogbo obìnrin ibẹ̀ tó ti dàgbà tó láti ṣiṣẹ́, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́ kò tó ẹyọ kan nínú márùn-ún. Wọ́n á kàwé, wọ́n á gboyè, ilé á sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn mì. Kíkà á tán yàtọ̀ sí kí wọ́n jẹ́ kó o ṣe é. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ẹnì kan tó kàwé dáadáa lè dá mi lóhùn pé: "Ó dáa, a ti gbà pé kì í ṣe ọpọlọ. Ṣùgbọ́n kò wu obìnrin ni. Bí a bá fún wọn lómìnira, nǹkan míì ni wọ́n máa yàn." Ọ̀rọ̀ gidi ni o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kíláàsì. Ní 2018, Gijsbert Stoet àti David Geary, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí kan tó gbajúmọ̀. Wọ́n ní níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti sún mọ́ra jù lẹ́tọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ni obìnrin kì í pọ̀ nínú sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ míì gbìyànjú láti tún ìṣirò yẹn ṣe, kò bọ́ sí i fún wọn bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, ó sì di dandan kí àwọn méjèèjì ṣe àtúnṣe sínú ìwé náà ní 2019. Èmi kò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Jàpáànù àti Swítsálándì lówó, obìnrin ò sì pọ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀, òótọ́ nìyẹn. Ìbéèrè tèmi ni pé: ìgbà wo ni ẹ ti rí ọmọbìnrin tó ń yàn tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gan-an nìyí. Láti September 2025 ni ìjọba àpapọ̀ ti yí ètò ẹ̀kọ́ padà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà síwájú wa pé kí kálukú mú ọ̀kan: iṣẹ́ solar, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, aṣọ rírán, ìṣaralóge, ẹran sísìn, àti iṣẹ́ ọ̀gbìn. Kò síbi tí wọ́n kọ "ọkùnrin" tàbí "obìnrin" sí lára wọn. Ẹ wá lọ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù níwájú stáfù rúùmù wa. Abẹ́ solar àti fóònù, orúkọ ọmọkùnrin tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń tò sórí ìlà níbi àsẹ́ńbílì. Abẹ́ aṣọ rírán àti ìṣaralóge, orúkọ ọmọbìnrin ni. Ìwé yẹn kàn mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan fi rúlà pín in.

Ṣé gbogbo wa la yàn bẹ́ẹ̀? Mo bi àwọn ọmọbìnrin mélòó kan léèrè. Àwọn kan ní aṣọ rírán ló wù wọ́n, ìyẹn dáa, mo kí wọn. Àwọn míì ní solar làwọn kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó ń kọ orúkọ wá ní, "Ṣé ìwọ lo máa gun òrùlé?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún un kọ sábẹ́ ìṣaralóge. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ọmọ SS1 ṣe ń kúrò nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn, kò tíì mọ ohun tí wáyà pupa àti wáyà dúdú ń ṣe. Lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí wọ́n bá ń ka iye obìnrin tó ń ṣèwádìí lórí iná mànàmáná ní Nàìjíríà, kò ní sí lára wọn, wọ́n á sì ní kò wù ú ni.

Ẹ jẹ́ ká tún wọ láàbù Físíìsì. Nítorí pé ohun èlò kò tó, a máa ń pín ara wa sí gúrúùpù, mẹ́fà tàbí méje sídìí tábìlì kan. Ẹ wo ọwọ́ kálukú. Ọmọkùnrin á mú mítà, ọmọkùnrin á so wáyà, ọmọkùnrin á yí nọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin á mú bíírò àti ìwé. Wọ́n á ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé rẹ dáa." Ìyìn ni wọ́n pè é o! Èmi náà, ọmọ SS2, láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ práktíkà, mo ti kọ nọ́ńbà tó pọ̀ tó láti kún ìwé kan, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí mo fọwọ́ mi so sákíìtì kò tó ìka ọwọ́ kan. Lọ́jọ́ WAEC, olúkúlùkù ló máa dá dúró nídìí tábìlì rẹ̀. Ta ló máa wá mú mítà fún mi?

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ práktíkà ni pé ohun tí ìwádìí ìmọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ìwé kíkà lásán. Ìfọwọ́kàn ni, kí o so ó, kó má ṣiṣẹ́, kí o tú u, kí o tún un so. Ẹni tó ń kọ èsì sílẹ̀ fún ẹlòmíì láti kékeré, akọ̀wé la fi ń ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé obìnrin kò tíì ṣe é rí nílẹ̀ yìí. Ní 1974, Joana Olutunmbi Maduka di obìnrin àkọ́kọ́ tí COREN, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ẹnjiníà ní Nàìjíríà, kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Òun náà ló kọ́kọ́ jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹnjiníà, APWEN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn fíìmù King of Boys, ìyá Kemi Adetiba tó gbé fíìmù yẹn jáde, Mayen Adetiba, ẹnjiníà ni, ó sì ti jẹ ààrẹ APWEN rí. Ní ti kọ̀ǹpútà, Adenike Osofisan ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ yẹn, ní 1989, ní Ilé-Ifẹ̀, kó tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ọmọ Literature, ìyàwó Femi Osofisan tó ń kọ eré oníṣe ni.

Kódà rélùwéè tí gbogbo Okokomáíkò ń retí, ẹ mọ̀ ọ́n. Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Máìlì Tú ní September 2023, ìlérí sì ni pé yóò dé Okokomáíkò lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà LAMATA, àjọ tí ọ̀rọ̀ rélùwéè náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Abimbola Akinajo. Obìnrin ni, ẹnjiníà sì ni.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò èyí náà fún mi. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà, NSE, 1958 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìgbà tí obìnrin máa kọ́kọ́ jẹ ààrẹ rẹ̀, Margaret Oguntala, ọdún 2024 ló gorí oyè. Òun ni ààrẹ ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n. Ọkùnrin mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ṣáájú rẹ̀. Inú mi dùn sí Ẹnjiníà Oguntala, àmọ́ ọdún 65 ti pọ̀ jù láti máa retí "obìnrin àkọ́kọ́."

Mo ní mo ń padà bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ kíkà á tán àti ṣíṣe é. Ká ní ọmọbìnrin kan sá fún ẹ̀rín SS1, ó mú mítà, ó yege WAEC àti JAMB, ó wọ yunifásítì ní ọmọ ọdún 17. Tó bá jẹ́ LASU tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí ló wọ̀, Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn wà, lódìkejì Èkó pátápátá. Òbí tó ti ń rò pé ọmọ òun á máa ti ilé lọ síléèwé á wá rí i pé ó ní láti gbé níbẹ̀. Mo ti gbọ́ òbí tó gbà fún ọmọkùnrin, tí kò gbà fún ọmọbìnrin. Ó dáa, ká ní wọ́n gbà. Ọdún márùn-ún ló fi máa kà á, ọdún kan fún àgùnbánirọ̀, ọdún méjì fún Master's, mẹ́rin fún oyè ọ̀mọ̀wé. 29 nìyẹn, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá wáyé. Ẹ rántí 2022, tí yunifásítì fi wà ní títì láti February títí di October.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ìbéèrè wo ni wọ́n máa ń bi obìnrin nígbà tó bá wálé ọdún? Kì í ṣe "Báwo ni ìwádìí?" "Ìgbà wo lo máa mú ọkọ wálé?" ni. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń kàwé lè gbéyàwó, ìyàwó á máa gbọ́únjẹ, òun á máa jókòó ti ìwádìí rẹ̀. Obìnrin tó bá lọ́kọ ní tirẹ̀, òun ló máa lóyún, òun ló máa gbọ́únjẹ, òun náà ló máa lọ sí láàbù, bí ọmọ bá sì ní ibà, òun ni wọ́n máa pè. Mi ò bínú sí ìgbéyàwó o, kí bàbá mi má baà rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí iye àwọn obìnrin ṣe ń dín kù láti ìgbà tí wọ́n wọlé títí dé orí oyè ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Ẹ ka ọdún, ẹ ka iṣẹ́ ilé, ìdáhùn á jáde.

Ẹnì kan ní kíláàsì bi mí pé: "Bí ọkùnrin nìkan bá ń ṣèwádìí, kí ló burú? Ṣebí gbogbo wa la jọ máa lò ó." Mo fẹ́ kó gbọ́ èyí. Ère tí wọ́n fi ń dán ọkọ̀ wò, tí wọ́n máa ń jókòó sínú mọ́tò kí wọ́n tó kọlu ògiri, ìwọ̀n ọkùnrin ni wọ́n fi ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2011, ìwádìí Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú irú ìjàǹbá kan náà, obìnrin tó de bẹ́líìtì lè fara pa gidi ju ọkùnrin tó de bẹ́líìtì lọ ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tó kórìíra obìnrin nínú àwọn tó ṣe ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Kò kàn sí ẹni tó béèrè ni. Nílé wa níbí ńkọ́? Ta ló ń yan gàrí? Ojú ta ni èéfín ń wọ̀? Èmi rò pé bí ọmọ ẹni tó ń yan gàrí bá di ẹnjiníà, àgbá àti ààrò yẹn ló máa kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ lọ sí ọjà Alábà, kò jìnnà sí wa. Obìnrin ń ta tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ iye rẹ̀, ó mọ èyí tó ń pẹ́. Ṣùgbọ́n nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń tú u, tí èéfín òjé ń rú, ọkùnrin ló jókòó. Kò sí òfin kankan tó pín in bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin ni wọ́n mú wá kọ́ṣẹ́, òun náà á mú ọmọkùnrin. Ìwé tó wà lára bọ́ọ̀dù wa, Alábà kékeré ni.

Kí àwọn ọmọkùnrin má rò pé mo gbàgbé wọn. Mo mọ ọ̀kan tí aṣọ rírán wù, tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún fóònù torí kí wọ́n má baà pè é ní "sísí." Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ló rán agbádá tí bàbá rẹ̀ wọ̀ lọ sóde!

Ní November 2012, níbi ìpàtẹ Maker Faire Africa tí wọ́n ṣe ní Èkó níbí, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin láti sẹ́kọ́ńdìrì kan, ọmọ ọdún 14 àti 15, gbé jẹnẹrétọ̀ kan wá tí wọ́n ní ìtọ̀ ló ń lò. Ìròyìn wọn dé òkè òkun. Àwọn tó mọ Físíìsì sọ pé iná tí yóò yọ gáàsì háídírójìn nínú ìtọ̀ ju èyí tí jẹnẹrétọ̀ máa mú jáde lọ, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀, àwọn ọmọ yẹn so ó, wọ́n tan án, àwọn àgbà sì jókòó bá wọn jiyàn lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bá olùṣèwádìí jiyàn. Irú àríyànjiyàn yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ṣe, dípò "Ìwé rẹ dáa."

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gbówó lórí. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ má bínú: kí wọ́n fa ìwé iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ya, kí wọ́n fún kálukú ní pépà kékeré tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó wù ú sí, kó ká a, kó jù ú sínú páálí, láìsí pé ẹnikẹ́ni dúró lórí rẹ̀. Bí orúkọ bá tún jáde bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, màá gbà pé bó ṣe wù wá nìyẹn, màá sì kọ ọ́ síbí. Nínú láàbù Físíìsì, kí bíírò máa yí. Ẹni tó kọ nọ́ńbà lọ́sẹ̀ yìí, kó mú mítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, kó kọ èsì tirẹ̀, kó fi orúkọ àti kíláàsì rẹ̀ sí i, kó jù ú sínú àpótí Press Club lẹ́gbẹ̀ẹ́ láíbìrì kó tó di ọjọ́ Wẹ́sídeè. A máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.